Sípíkà tuntun nínú Corolla àtijọ́: ìsọ̀ kan tó mọ iṣẹ́ l'Óṣogbo

Ẹni tó bá ní ₦140,000 lọ́wọ́, tó sì fẹ́ kí ohùn mọ́tò òun dùn, kó má kó gbogbo owó náà fún ẹni tó ń ta sípíkà. Kó yọ bí ìdajì rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn mọ́tò ni mo wí o, irin àti ike tí wọ́n ń de sípíkà mọ́. Àwọn tó ṣe tèmi l'Óṣogbo mọ èyí ju gbogbo ẹni tí mo ti bá pàdé nídìí iṣẹ́ yìí lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ̀rọ̀ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ tí mo máa kà sí wọn lẹ́sẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Aṣọ àdìrẹ ni mò ń tà. Mo máa ń kó èyí tí a pa láró l'Óṣogbo lọ fún àwọn oníbàárà n'Íbàdàn àti l'Ékòó, mo sì máa ń yà sí Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta lọ kó tiwọn bọ̀. Corolla ọdún 2005 ni mò ń wà. Ẹrù ló ni búùtù rẹ̀. Tí aṣọ bá wọ̀ ọ́ tán, abẹ́rẹ́ kò ní ráyè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún pé mo fẹ́ tún ohùn mọ́tò mi ṣe, wúfà, sípíkà ńlá tó wà fún ohùn ìsàlẹ̀ nìkan, ni wọ́n kọ́kọ́ ń dárúkọ. Tí àpótí wúfà bá gba búùtù, ibo ni kí n wá kó aṣọ sí? Ṣé orí ni kí n máa rù ú dé Ìbàdàn ni?

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ìròyìn OSBC, rédíò ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti Òkè-Báalẹ̀ yékéyéké, láìjẹ́ pé mo ń yí rédíò sókè títí orí á fi máa fọ́ mi. Mo fẹ́ gbọ́ àpàlà kí n sì mọ̀ pé agídìgbo wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ń lu gángan, mo fẹ́ gbọ́ ohun tó ń wí. Ọmọ Yorùbá tó gbọ́ ìlù tí kò gbọ́ ohun tí ìlù sọ, kí ló wá gbọ́?

Sípíkà tó bá mọ́tò náà wá, pépà ni ojú rẹ̀, òòfà ẹ̀yìn rẹ̀ sì kéré débi pé ọmọdé lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Pépà gan-an kò burú o, àwọn sípíkà olówó ńlá wà tí wọ́n fi pépà ṣe ojú wọn. Ogbó ló bá tèmi jà, ogbó àti oòrùn. Fọ́ọ̀mù tó yí etí sípíkà ká kì í fẹ́ràn ooru. Á gbẹ, á máa bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bó bá sì ti já, ohùn sípíkà náà á ha.

Kí n tó dé ìsọ̀ yìí, rẹ́wáyà kan ní ìlú mìíràn ti fọwọ́ kàn án. Sípíkà olójú gígùn méjì, 6x9, ló dè sí ẹ̀yìn lábẹ́ gíláàsì, wọ́n kọ 1000 wọ́ọ̀tì gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Ariwo dé, orin kò dé. Béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ náà, kò sí níbẹ̀ rárá. Ìsọ̀ yìí ló padà rí i pé ọkùnrin náà ti gbé wáyà pọ́sítíìfù sí ojú nẹ́gẹ́tíìfù lára ọ̀kan nínú wọn: bí ti ọwọ́ ọ̀tún bá ń ti afẹ́fẹ́ jáde, ti òsì á máa fà á wọlé, àwọn méjèèjì á sì máa ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo sanwó fún ìyẹn o.

Ìsọ̀ tí mò ń wí yìí kò ní páátákó. Tí ẹ bá ti Ọláìyá, tí ẹ kọrí sí ọ̀nà Gbọ̀ngán, ẹ máa kọjá Ògo-Olúwa, ẹ ó sì tún rìn díẹ̀ sí i. Ìyá alámàlà kan wà lábẹ́ tapólì búlúù, ẹni tó ń lẹ táyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn àwọn méjèèjì ni wọ́n wà. Etí yín á ti mú yín débẹ̀ kí ojú yín tó rí i.

Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. "Mọ̀mí, ẹ káàbọ̀ mà. Ṣé bọ̀ọ̀sì ò bá yín wá ni?" Ọkọ ló ń pè ní bọ̀ọ̀sì. Mo ní bọ̀ọ̀sì wo? Èmi ni mo ra mọ́tò, èmi ni mò ń ra epo sí i, èmi náà ni mo fẹ́ gbọ́ orin nínú ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjà fún mi: wúfà 12 ínṣì, ánpù ńlá tó ń fi agbára kún ohùn, iná aláràbarà tó ń ṣẹ́jú bí orin bá ṣe ń lọ. Iná! Mo ní kó bá mi pe ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà kì í ṣe ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Ó kí mi dáadáa, ó nu ọwọ́, ó jókòó sínú mọ́tò, ó sì bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí rí nídìí ọ̀rọ̀ yìí: "Mà, irú orin wo lẹ máa ń gbọ́?" Mo sọ fún un. Ó ní kí n gbé ọ̀kan sí i. Bí orin ṣe ń lọ, ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó fi egungun ìka kan ilẹ̀kùn láti ìta, gbàn-án, gbàn-án. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ, mà? Ilẹ̀kùn yìí ń kọ orin tiẹ̀ lọ́tọ̀. Tí mo bá de sípíkà ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náírà mọ́ ọn báyìí, á ṣì máa kọ ọ́."

Bó ṣe yé mi nìyí. Sípíkà ń sún síwájú, ó ń sún sẹ́yìn. Bó bá ṣe ń ti afẹ́fẹ́ iwájú lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń fa ti ẹ̀yìn, nítorí náà ìró tó gba ẹ̀yìn jáde jẹ́ òdì èyí tó gba iwájú. Tí àwọn méjèèjì bá ráyè pàdé, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, béèsì ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ, torí pé ìgbì rẹ̀ gùn, kò sì ṣòro fún un láti yí nǹkan po. Ìró tó ń gbọ̀n nígbà 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì rẹ̀ gùn ju mítà mẹ́rin lọ. Kí ni ilẹ̀kùn mọ́tò fẹ́ fi dá a dúró? Ẹ tiẹ̀ tú ike inú ilẹ̀kùn mọ́tò yín wò. Irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ kún fún ihò ńláńlá tí wọ́n fi sílẹ̀ kí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ tún gíláàsì ṣe lè wọlé, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n sì lẹ̀ bò ó. Ìlù tí wọ́n dá ihò sí lára ni ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ lè gbé onílù tó mọ̀ ọ́n lù jù lọ nílẹ̀ Yorùbá tì í, kò ní dún.

Nítorí náà iṣẹ́ tí ọ̀gá náà dábàá kò ní wúfà nínú, kò ní ánpù. Sípíkà oní-méjì-méjì sí ilẹ̀kùn iwájú, kí wọ́n sì dí gbogbo ihò ilẹ̀kùn náà. Ti ẹ̀yìn, kí wọ́n yọ 6x9 yẹn dànù, kí wọ́n dá ti àtijọ́ tí kò tíì bàjẹ́ tán padà, kí wọ́n sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fẹ́ ta ti ẹ̀yìn fún mi. Ó ní ta ló máa ń jókòó sẹ́yìn? Mo ní aṣọ ni. Ó ní aṣọ kò ní etí.

Sípíkà 6.5 ínṣì ni a mú, Pioneer, irú èyí tí twítà rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, tó sì ní àpótí kékeré tó ń pín ohùn: ohùn ìsàlẹ̀ sí sípíkà ńlá, ohùn tín-ín-rín sí twítà. Irú èyí tí twítà ti wà láàárín sípíkà náà pọ̀ lọ́jà, ó sì rọ̀ lọ́wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ni sípíkà Corolla wà. Tí twítà bá wà níbẹ̀, orúnkún yín ló ń kọrin fún. Ti twítà tó dá dúró, igun tó wà lẹ́yìn dígí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbé e sí, ó kọjú sí àárín mọ́tò, akọrin sì wá dà bí ẹni tó gorí dáṣíbọ́ọ̀dù jókòó.

Mo gbádùn bó ṣe ka páálí fún mi. "Nọ́ńbà ńlá iwájú yìí, mà, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ẹ yí i padà, ẹ wá RMS." RMS ni agbára tí sípíkà lè gbà láìdúró láìjóná, èyí ńlá tó wà níwájú, fìrí báyìí péré ló wà fún, òun náà ni oníṣòwò sì ń fi pe oníbàárà. Rédíò mi náà kọ 50W x 4 síwájú. Rédíò mọ́tò tí kò ní ánpù kì í lè fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ní iye yẹn láìdúró. Nǹkan bí 14 sí 22 wọ́ọ̀tì ni púpọ̀ nínú wọn lè fún un bí iṣẹ́ bá ń lọ. Ìyẹn ni pé kí n lọ ra sípíkà tó ń béèrè 100 wọ́ọ̀tì RMS, kí n sì fi rédíò yìí nìkan bọ́ ọ, ebi ni yóò máa pa á. Nọ́ńbà tó yẹ kí irú mi wò ni èyí tí wọ́n fi dB kọ, tó ń sọ bí sípíkà ṣe ń pariwo tó tí wọ́n bá fún un ní wọ́ọ̀tì kan. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 87, tí èkejì jẹ́ 90, èyí tó jẹ́ 90 yìí á fi ìdajì agbára ṣe iṣẹ́ kan náà. Óòmù 4 sì ni kó jẹ́; óòmù ni wọ́n fi ń wọn bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. Tí ẹnikẹ́ni bá so sípíkà méjì olóòmù 4 pọ̀ mọ́ wáyà kan ṣoṣo bí àwọn rẹ́wáyà kan ṣe máa ń ṣe, ó ti di 2 nìyẹn, rédíò á máa gbóná, ọjọ́ kan á sì jó.

Ayédèrú kún ọjà, ẹ ò nílò kí n sọ ìyẹn fún yín. Ìtẹ̀ páálí tó ṣàì mọ́lẹ̀, orúkọ tí wọ́n yí lẹ́tà kan nínú rẹ̀ padà, òòfà tó fúyẹ́ lọ́wọ́. Ojú mi ni wọ́n ṣe já tèmi, wọ́n sì fi mítà wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó dè é.

Wọ́n ní JBL náà nílẹ̀, ó wọ́n ju Pioneer lọ lọ́jọ́ yẹn. Ó wù mí díẹ̀, nítorí ìdí tí kò kan ohùn: ọdún 1946 ni James Lansing dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọdún 1946 náà sì ni wọ́n bí Sunny Adé níbí l'Óṣogbo. Owó mi kò gbọ́ ìtàn, Pioneer ni mo mú.

Iṣẹ́ gan-an ni kí n wá sọ, torí ibẹ̀ ni owó wọn ti tọ́ sí wọn. Wọ́n tú ike ilẹ̀kùn láìṣẹ́ kílíìpù kan. Gbogbo sikírù ni wọ́n kó sínú ojú páálí ẹyin, wọ́n fi máákà kọ "òsì" àti "ọ̀tún" sí i. Wọ́n fi petiróòlù díẹ̀ nu irin náà títí aṣọ ìnulẹ̀ kò fi dúdú mọ́, torí máàtì tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn kò ní mú bí eruku bá wà níbẹ̀. Máàtì náà jẹ́ rọ́bà dúdú tó ń lẹ̀, fóìlì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìwúwo yẹn ló ń mú kí irin ṣíwọ́ gbígbọ̀n. Ìpele àkọ́kọ́ lọ sínú lọ́hùn-ún, sí ẹ̀yìn irin ìta gan-an, lẹ́yìn gíláàsì. Ọmọ iṣẹ́ tó béèrè bọ̀ọ̀sì lọ́wọ́ mi ló ki apá bọ̀ ọ́ dé èjìká, tó ń fi kẹ̀kẹ́ onígi kékeré tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òógùn ń jábọ́ lójú rẹ̀. Mo dárí jì í níbẹ̀.

Àwọn ihò ńlá, wọn kò fi máàtì nìkan bò wọ́n. Wọ́n gé páànù pẹlẹbẹ, wọ́n fi sikírù dè é kí wọ́n tó lẹ máàtì lé e, torí bí oòrùn bá ta sí máàtì lásán, á rọ̀, á sì máa wọ inú ihò lọ. Mẹkáníìkì tó bá fẹ́ tún gíláàsì ṣe lọ́jọ́ iwájú á kàn tú sikírù ni. Mo wá bi wọ́n léèrè ohun tó ń bà mí lẹ́rù: òjò ńkọ́? Omi máa ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn nígbà gbogbo, kò sí mọ́tò tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá náà tẹ̀ ba, ó fi àwọn ihò tóóró hàn mí nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn níbi tí omi ń gbà jáde. Wọn kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tó bá dí ìyẹn, ó ti fún ìpẹtà ní ilé. Mo ti wa mọ́tò náà nínú òjò ńlá láti ìgbà náà, omi kan kò kán sí ẹsẹ̀ mi.

Wọn kò kàn de sípíkà mọ́ ara irin báyìí. Wọ́n gbẹ́ òrùka pákó nípọn, wọ́n fi ọ̀dà olóròóró kùn ún yíká kí omi má baà jẹ ẹ́, òrùka náà ni wọ́n dè mọ́ ilẹ̀kùn, sípíkà wá jókòó lé e, fọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín kí afẹ́fẹ́ má rí ibi jò. Kí wọ́n tó dè é pa, wọ́n yí gíláàsì sílẹ̀ pátápátá wò bóyá á kọ lu òòfà. Ó ku díẹ̀ kó kàn án lápá òsì, wọ́n sì fi òrùka tó tún nípọn jù bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Àwọn ibòmíì, ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fẹ́ sanwó gètì lẹ máa mọ̀.

Òjé ni wọ́n fi jó wáyà pọ̀, wọ́n sì fi ọ̀pá rọ́bà bo ojú ibẹ̀. Kò sí kí a lọ́ ọ pọ̀ kí a fi tépù wé e. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wọlé, ó mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 fóòtì kan, ó fi kan ẹnu wáyà fìrí: ojú sípíkà sún síta. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì, òun náà sún síta. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé pọ́sítíìfù bọ́ sáàyè rẹ̀ nìyẹn, kò náni ní nǹkankan, rẹ́wáyà àkọ́kọ́ yẹn kò sì ṣe é.

Bí mo ṣe ń dúró, ọkùnrin kan gbé Camry dé. Ibòmíràn ni wọ́n ti de ánpù àti wúfà tirẹ̀, sípíkà sì ń hu wíìììì, bó bá tẹ iná mọ́tò sí i, ohùn yẹn á gòkè, bó bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á wálẹ̀. Mo sún mọ́ wọn, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tẹni máa ń dùn ún gbọ́. Ohùn ọ́tánétọ̀ ni, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì mọ́tò ní iná. Ẹni tó ṣe é ti de wáyà ilẹ̀ ánpù mọ́ sikírù ìjókòó tí ọ̀dà wà lára rẹ̀, ó tún jẹ́ kí wáyà iná ńlá láti bátìrì àti wáyà ohùn láti rédíò jọ rìn lápá kan náà. Ọ̀gá náà há ọ̀dà kúrò títí irin fi funfun, ó gé wáyà ilẹ̀ náà kúrú, ó dè é mọ́ ọn gírígírí, ó gbé wáyà ohùn gba apá kejì mọ́tò. Ariwo náà dákẹ́. Èyí tó bà mí lẹ́rù ni pé kò sí fíúsì nídìí bátìrì. Ó yẹ kó wà níbẹ̀, kó má jìnnà sí bátìrì ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ, torí tí wáyà yẹn bá fi ara ha irin níbìkan, iná ló ń bọ̀. Ó tún fi abẹ ha wáyà náà: pupa lára, funfun nínú. Alúmíníọ̀mù ni, bàbà kàn bò ó lójú. Oníkámírì náà ní wọ́n gba owó bàbà lọ́wọ́ òun. Ọ̀gá kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan sí ẹni tó ṣe é, ó kàn ní, "Àwa la máa pààrọ̀ ẹ̀, sà."

Ó wá ku ohùn. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ kì í ṣe orin. Mo ti ilẹ̀kùn, ó dún gbìì, bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ lára mọ́tò àwọn olówó. Tẹ́lẹ̀, gbàǹgàn ni. Ọ̀nà náà dákẹ́ díẹ̀ sí i pẹ̀lú. Bí kẹ̀kẹ́ Márúwá bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń mọ̀ ọ́n lára ju bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lọ.

Lẹ́yìn náà ni àpàlà. Agídìgbo wà níbẹ̀! Ó wà nísàlẹ̀ orin bí ó ṣe yẹ kó wà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan dá dúró, mo gbọ́ bí irin rẹ̀ ṣe ń fò kúrò lábẹ́ àtàǹpàkò. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kúrò ní ariwo yẹ́ẹ́, ó di ìlẹ̀kẹ̀ tó ń kan igbá. Nínú fújì, mo lè fi etí ya ìyá ìlù sọ́tọ̀ kúrò lára omele, mo sì gbọ́ oríkì tí gángan ń fi kan ènìyàn kan tí n kò mọ̀ pé wọ́n ń kì níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń gbọ́ orin náà. Gìtá pedal steel tí Sunny Adé mú wọ inú jùjú, ohùn rẹ̀ ń yọ̀ lókè orin láìgún mi létí. Akéde OSBC ń mí kó tó ka àkọlé ìròyìn, mo gbọ́ ọ.

Ọ̀gá náà ti bá mi ṣètò rédíò: gbogbo béèsì àti tírẹ́bù tí mo ti gbé sókè tẹ́lẹ̀, ó dá wọn padà sí òdo, ó sì tan èyí tí wọ́n ń pè ní HPF, ó gbé e sí 80. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohùn tó bá wúwo ju ìyẹn lọ kò ní lọ sí sípíkà ilẹ̀kùn, kó má baà máa ja ohun tí apá rẹ̀ kò ká. Ó dà bí ẹni pé èyí á dín béèsì kù. Ohun tó dín kù ni gbígbọ̀n, orin sì mọ́ sí i.

Ẹ gbọ́ ibi tó kù sí o. Béèsì tó ń mi ọkàn àyà, tó ń mú kí àwọn tó wà lójú pópó yíjú wò yín, kò sí níbí. Tí ìyẹn bá jẹ́ fújì tiyín, wúfà ni kí ẹ lọ rà, kí ẹ sì fi búùtù yín jì í. Àṣírí orin tí ẹ ní náà yóò tú. Àwọn orin kan tí ọmọ àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí mi, tí wọ́n ti fún pọ̀ títí kí wọ́n lè kéré lórí fóònù, n kò lè gbọ́ wọn mọ́; ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú wọn ń dún bí omi tó ń ya. Sípíkà àtijọ́ bo àṣírí wọn, ti tuntun kò bò ó.

Ó kan ẹ̀sùn. Èkíní, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń lu orin láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mọ́tò mẹ́ta lè máa kọ orin mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ̀ níbẹ̀ bóyá iṣẹ́ yín dára. Ẹ wà á kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó san owó tó kù. Èmi wà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sì gbọ́ ọ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan kan ń gbọ̀n zzzz ní ilẹ̀kùn ọ̀tún, kílíìpù kan ni kò wọlé dáadáa. Wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí n jókòó ti ìyá alámàlà títí mo fi jẹ àmàlà tí n kò pète. Èkejì, rọ́bà dúdú yẹn kì í ṣí lára aṣọ bọ̀rọ̀. Ìka márùn-ún ẹnì kan wà lára aṣọ ilẹ̀kùn mi títí di òní, aláró ni mí, mo mọ ohun tó ń ṣí àti ohun tí kì í ṣí. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rá bo ìjókòó àti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù: kò sí ìwé ẹ̀rí. Mo ní kí wọ́n kọ rìsíìtì fún mi, ọ̀gá ní "Mà, ẹ ṣáà ti ní nọ́ńbà mi." Nọ́ńbà kì í ṣe rìsíìtì. Mo fi orí kunkun, ó sì padà kọ ọ́ sẹ́yìn páálí Pioneer náà, ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì.

Owó rẹ̀ rèé: sípíkà jẹ́ ₦72,000, máàtì àti páànù fún ilẹ̀kùn méjì ₦38,000, òrùka pákó ₦6,000, iṣẹ́ ọwọ́ ₦25,000. Mo ná an, ẹ mọ̀ mí. Ó dín ₦3,000 kúrò lára sípíkà, ó fi fọ́ọ̀mù ṣe ènì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí iṣẹ́ ọwọ́, ó ní òun kò lè dín in, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, torí èmi náà, bí ẹnikẹ́ni bá bá mi ná owó aró, mo mọ bó ṣe máa ń rí lára mi.

Bí mo bá tún rówó, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì ló kàn, máàtì nìkan, láìra sípíkà kankan. Ẹni tó bá ń ti Ẹdẹ tàbí Ìkìrun bọ̀, kó tètè kúrò nílé: mọ́tò méjì péré ni wọ́n ń gbà lójúmọ́ fún iṣẹ́ ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n máa ń ti ìsọ̀ lọ kírun, wọn kì í sì í padà dé kí aago mẹ́ta tó lù. Lákòókò ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, ẹ má tilẹ̀ dá a lábàá, ọ̀nà kì í gba ẹnikẹ́ni. Ẹ kó ẹrù inú mọ́tò yín sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì gbé orin tí ẹ mọ̀ dáadáa dání.